Ẹ gbà mí o: fíìmù mi ṣókùnkùn, ẹnu àgbà òṣèré ò sì bá orin mu

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Orí mi ti gbóná. Fíìmù abẹ́lẹ̀ ni mò ń ṣe nípa àgbà òṣèré drag kan tó ti ń múra bí obìnrin lórí ìtàgé láti ìgbà èwe wọn. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ìrántí wọn, ìdajì tó kù dá lórí ọjọ́ tí wọ́n máa bọ́ wíìgì sílẹ̀. Àwọn tó fọ fíìmù dá a padà dúdú bíi kóró iṣin, wọ́n ní àwọn ò jẹ̀bi. Ẹni tó ń bá mi tò ó ń kùn pé ẹnu àgbà ò bá orin rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ṣe bí ẹni ń kọ mu. Bẹ́ẹ̀, wíìgì aláwọ̀ wúrà yẹn nìkan gba wákàtí méjì!

Ìyá Kámẹ́rà: Wíìgì lo ròyìn, o ò ròyìn kámẹ́rà. Fíìmù wo lo lò?

Olùbéèrè: Super 8 ni mà, fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ inú katiriji yẹn; Tri-X, onídúdú-àti-funfun, katiriji 11. Mítà tó ń wọn iná nínú kámẹ́rà ni mo sì tẹ̀lé, èmi kọ́ ni mo ṣàṣìṣe.

Ìyá Kámẹ́rà: Mítà yẹn gan-an ni kó o fura sí. Bátìrì mẹ́kúrì 1.35 volt ni mítà ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àtijọ́ ń lò, wọn ò sì ṣe é mọ́. Tó o bá ki 1.5 volt sí i, á rò pé iná pọ̀ ju bó ṣe wà lọ, á fún ojú lẹ́ńsì pa. Iná tó bá ń ti ẹ̀yìn òṣèré wọ lẹ́ńsì náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Ra mítà àfọwọ́mú, gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojú wọn gan-an, kó o sì tò ó sí ISO (bí fíìmù ṣe ń gba iná sí) 160 lábẹ́ iná tungsten, ìyẹn gílóòbù onígbóná, 200 lójú ọ̀sán.

Gbọ́hùn: Férémù mélòó lo yà ní àáyá kan, 18 ni àbí 24? Férémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan) 3600 ló wà nínú katiriji: ìṣẹ́jú 3 àti àáyá 20 ní 18, ìṣẹ́jú 2 àti ààbọ̀ ní 24. Kámẹ́rà tí kò ní crystal, ohun tó ń mú kí eré rẹ̀ dúró sójú kan, ń sáré, ó tún ń falẹ̀. Gé orin sí àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, kó o wá fa àwòrán bá a níbi tí ètè bá ti pàdé, lórí “m” àti “b”.

Olóòtú: Kí ló dé? Ìrántí ni. Jẹ́ kí ẹnu ṣìnà.

Gbọ́hùn: Kò ṣeé ṣe. Bíbá ẹnu olórin mu gan-an niṣẹ́ wọn. Bó bá yẹ̀, òṣèré ni wọ́n á fi ṣẹ̀sín, kì í ṣe ìwọ.

Olùbéèrè: 18 ni. Mi ò pàtẹ́wọ́ síwájú kámẹ́rà kí n lè fi so àwòrán mọ́ ohùn, kò sáàyè. Ṣùgbọ́n alaalẹ́ ni mò ń fi projector wò ó, ó máa ń bá a mu díẹ̀.

Olóòtú: Dá ọwọ́ dúró! Reversal ni Tri-X: fíìmù tó wọ kámẹ́rà náà ló ń di àwòrán tó ò ń wò, kò ní negative tó o lè fi tẹ òmíràn. Ohun tó ò ń yí nínú projector yẹn lojúlówó, ẹ̀rọ sì lè ha á nígbàkigbà. Skáànì rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ní 2K, ìyẹn bíi 2,000 píksẹ́lì ní ìbú, kó o tó fọwọ́ kàn án mọ́.

Gbọ́hùn: Àṣẹ orin ńkọ́? Méjì ni o: ti ẹni tó kọ ọ́, àti ti ẹni tó ni rẹ́kọ́ọ̀dù.

Olùbéèrè: Ìyẹn kọ́ ló ká mi lára. Ọtí kíkan ni fíìmù èwe tí àgbà fi síkàáwọ́ mi ń rùn, inú àpótí kan náà ni mo kó tèmi sí. Ṣé òórùn yẹn ló sọ tèmi di dúdú?

Ìyá Kámẹ́rà: Rárá. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ sọ nìyẹn! Acetate, ike tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà, ló ń jẹra, áásíìdì tó ń tú jáde sì ń ran èyí tó wà nítòsí. Yà wọ́n sọ́tọ̀ lónìí. Má dé ti àgbà pa sínú agolo, ibi tútù tó gbẹ ni kó wà. Kò ní sàn mọ́, ó kàn lè falẹ̀ ni. Ó ti sún kì, projector á ya ihò etí rẹ̀. Skáànà tí kì í lo eyín ni kó o wá. Òun ni kó o kọ́kọ́ ṣe, tuntun lè dúró.

Olùbéèrè: Ó ti ya ọ̀kan ná, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Mo ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Àgbà ò tíì mọ̀.

Ìyá Kámẹ́rà: Téèpù wo?