Lexus ES 350: mo ti ra á o, ibi tó já sí rèé
Mo bi yín nínú oṣù tó kọjá: nínú ES 350 tokunbọ 2015 méjì, ṣé kí n mú èyí tó ní òrùlé gíláàsì ńlá, àbí èyí tí kò ní in ṣùgbọ́n tí àga rẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn? Èkejì ni mo rà.

Ẹni tó ní kí n fi VIN (nọ́mbà ìdánimọ̀ ọkọ̀) wo ohun tó bá ọkọ̀ jáde ló gbà mí. Oníṣòwò náà pe ti àkọ́kọ́ ní "full option", àmọ́ kò ní iná dígí tó ń kìlọ̀ pé ọkọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Èkejì ní in, orí Third Mainland ni mo sì ti mọ iyì rẹ̀. Mo tún mú bàbá mi lọ jókòó sẹ́yìn nínú méjèèjì: lábẹ́ òrùlé gíláàsì yẹn, fìlà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án lókè, ooru sì mú wa gan-an.

Ti Android Auto, ètò tó ń gbé áàpù fóònù sójú ẹ̀rọ ọkọ̀, kò ṣeé ṣe, ọkọ̀ ọdún yẹn kò ní in. Máàpù Amẹ́ríkà ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà fóònù ni mò ń tẹ̀ lé, Bluetooth ń gbé ohùn rẹ̀ jáde. Kọ́kọ́rọ́ kejì ló kù tí mò ń wá. Ẹ ṣeun gan-an.