Ìjókòó òbìrípo bíi ti àwọn Mennonite: ṣé ó lè ṣiṣẹ́ nílé akẹ́kọ̀ọ́ ní Yábàá?

ỌmọYábàá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń bójú tó ní Yábàá: ènìyàn 24, yàrá 6, kíṣìnì kan, jẹnẹrétọ̀ kan. Ohun mẹ́ta ló ń dá ìjà sílẹ̀ níbẹ̀: owó epo jẹnẹrétọ̀, ìkòkò tí ẹnikẹ́ni kò fọ̀, àti ariwo òru. Mo gbọ́ pé láwọn yunifásítì kékeré tí ìjọ Kristẹni tí wọ́n ń pè ní Mennonite dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń jókòó yípo, ohun kan á máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, ẹni tó bá dì í mú nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an? Ènìyàn mélòó? Kí ló máa ń bà á jẹ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wulẹ̀ ní kí n ní sùúrù. Ìgbésẹ̀ ni mo fẹ́.

Alárinà Súrùlérè:
Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ibì kan ṣe. Àwọn Mennonite kọ́ ló dá ìjókòó òbìrípo sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ tó wà ní Kánádà kí òyìnbó tó dé ni ó ti wá. Ohun tí a mọ̀ mọ́ àwọn Mennonite ni kí ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ rí ara wọn lójúkojú. Ní 1974, ní Elmira, ní Ontario, ọ̀dọ́kùnrin méjì ba dúkìá 22 jẹ́ lóru ọjọ́ kan. Mark Yantzi, òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ tó jẹ́ Mennonite, dá a lábàá pé kí wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn àwọn tí wọ́n ṣẹ̀. Adájọ́ gbà, wọ́n lọ, wọ́n sì san owó ohun tí wọ́n bà jẹ́. Howard Zehr gbé irú iṣẹ́ yìí ga ní Indiana, kó tó lọ máa kọ́ni ní Eastern Mennonite University, ní Harrisonburg, Virginia. Kì í kọ́kọ́ béèrè òfin tí wọ́n rú. Ta ni wọ́n pa lára? Kí ni ẹni náà nílò? Ta ni ó yẹ kó tún un ṣe? Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bébà kan.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà ṣáájú ìjókòó. Ẹ rí ẹni kọ̀ọ̀kan tí ọ̀rọ̀ kàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń fẹ́, àti ohun tí kò fẹ́ kí wọ́n sọ lójú àwùjọ. Bí ẹni tó ṣẹ̀ bá ṣì ń jiyàn pé òun kò ṣe nǹkan kan, ẹ má tíì pe ìjókòó. Ẹ ó kàn tún egbò ẹnìkejì dá ni.

Ènìyàn 6 sí 12 ló dára. Bí ènìyàn 24 bá jókòó, tí kálukú lo ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìyípo kan péré á gba ìṣẹ́jú 72, ọkàn á sì ti kúrò níbẹ̀ kí ó tó yí ká. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan tàbí méjì wá. Àga nìkan, kò sí tábìlì láàárín.

Ìyípo àkọ́kọ́, ìkíni. Èkejì, kí wọ́n fúnra wọn sọ ìlànà ìjókòó. Ẹ̀kẹta, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn. Ẹ̀kẹrin, ohun tí a ó ṣe sí i. Ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu kálukú. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lè gbé ohun náà kọjá. Olùdarí pẹ̀lú, ó dìgbà tó bá kàn án kó tó sọ tirẹ̀. Ohun tí ẹ ó máa gbé kiri kò gbọdọ̀ jẹ́ nǹkan lásán. Kọ́kọ́rọ́ kíṣìnì yẹn dára gan-an.

Ìyá Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ọmọ mi, ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ dáa, ṣùgbọ́n má pò ó mọ́ ẹjọ́ ojúlé. Bí a bá kó ẹjọ́ dé iwájú baálé, ẹnu rẹ̀ là ń wò, á sì dájọ́. Olùdarí òbìrípo kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìwọ tó ń gba owó ilé, tó sì lè lé ènìyàn jáde, má ṣe darí rẹ̀. Ohun tí o fẹ́ gbọ́ ni wọ́n á máa sọ. Wá ẹni méjì tí kò sí nínú ìjà náà.

Ohun méjì ló máa ń bà á jẹ́ láàárín wa. Àkọ́kọ́, ọjọ́ orí: àbúrò kò ní lè wí pé irọ́ ni ẹ̀gbọ́n pa. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kéré jù, kí ẹ̀gbọ́n sì máa jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Má ní kí wọ́n máa pe ara wọn lórúkọ gán-ń-gán. Èkejì ni ìdọ̀bálẹ̀ tó yá jù. Ẹni tó ṣẹ̀ á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, gbogbo ilé á ní "ó ti tó, dárí jì í", ẹni tí wọ́n jẹ owó rẹ̀ kò sì tíì lanu. Fi ìdọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀yìn ìyípo ẹ̀kẹrin.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àlàáfíà:
Mo fara mọ́ tìyá. Ẹ má gbàgbé ohun tó ń gbé ìjókòó náà ró lọ́hùn-ún. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ni, ojú kan náà ni wọ́n ń rí ní kíláàsì, níbi oúnjẹ àti nínú ìsìn, ìjọ tó dá a sílẹ̀ kò sì fara mọ́ ogun jíjà láti ìgbà Menno Simons, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìjọ náà, tó kúrò nínú iṣẹ́ àlùfáà Kátólíìkì ní 1536. Bí ẹ bá ń jókòó kìkì nígbà ìjà, ẹ̀rù ìjókòó náà á máa ba wọ́n. Ẹ máa jókòó fún ìṣẹ́jú 15 ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìjà ì báà má sí.

Àdéhùn pẹ̀lú: "a ó máa fọ̀wọ̀ wọ ara wa" kì í ṣe àdéhùn. Ẹ kọ ọ́ báyìí: epo lita 20 lọ́sẹ̀, kí yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pín owó rẹ̀ dọ́gba, kó pé kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, orúkọ ẹni tí yóò gbà á, orúkọ ẹni tí yóò rà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún jókòó yẹ̀ ẹ́ wò.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀nà òyìnbó nìkan ni. Leymah Gbowee, ọmọ Làìbéríà tó gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 2011, kàwé ní Harrisonburg yìí. Sam Doe, ọmọ Làìbéríà mìíràn, kàwé níbẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó dá WANEP, àjọ tó ń wá àlàáfíà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní 1998.

Ẹ má pe ìjókòó bí ó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀, ohun ìjà, tàbí ìhàlẹ̀ ikú. Ọlọ́pàá ló kàn, tàbí DSVA, àjọ Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé àti ti ìbálòpọ̀. Tí aáwọ̀ onílé àti ayálégbé bá wọ̀ ọ́, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó ń ṣe ìlàjà lọ́fẹ̀ẹ́.

ỌmọYábàá:
Ẹ ṣeun gan-an, mà, ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá kọ̀ tí kò wá ńkọ́?

Alárinà Súrùlérè:
Ẹ má fipá mú un. Ẹni tí wọ́n fi túláàsì mú wá á jókòó, á gbé kọ́kọ́rọ́ kọjá ní ìyípo márààrún, àwọn yòókù á sì rò pé ó gbà. Ẹ ṣe ìjókòó fún àwọn tó wá. Gbèsè epo tó jẹ, òfin ilé ni kí ẹ fi gbà á.