Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọ́ṣẹ́ rewáyà, ìyá ẹ̀ ò gbà

ỌmọÒkèÀdó:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ti ṣe WAEC tán, JAMB ò fi bẹ́ẹ̀ dáa, ó wá ní dípò kóun jókòó sílé máa tẹ fóònù òun fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ rewáyà, àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, lápá Ìwó Road. Ìyá ẹ̀ fárígá, ó ní òun ò bímọ fún mẹkáníìkì. Ṣé nǹkan gidi ló máa kọ́ ńbẹ̀ àbí omi ni wọ́n á kàn máa rán an?

Rewáyà_Mọ́kọ́lá:
Wọ́n á rán an ní omi o, ta ni wọn ò rán? Àmọ́ ẹ wò ó, àwọn tó ń ti Pólì wá ṣe IT lọ́dọ̀ wa mọ̀wé gan-an, ṣùgbọ́n gbé Corolla tí ò stáàtì síwájú wọn, ibi tó le jù ni wọ́n á kọ́kọ́ máa wá. Ọmọ iṣẹ́ tójú ẹ̀ ti là díẹ̀, orí bátìrì lá kọ́kọ́ wò bóyá nǹkan funfun ti hù síbẹ̀, á mi wáyà ẹ̀, á ní kẹ́ ẹ yí kọ́kọ́rọ́, tó bá ń dún ká-ká-ká, bátìrì ló sábà máa ń jẹ́, tó bá dún "ká" ẹ̀ẹ̀kan péré tó dákẹ́, ó di ọ̀rọ̀ kíkì, ìyẹn ohun tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè stáàtì. Ìgbà yẹn lá tó mú mítà. Bátìrì tó dáa á wà ní fóòtì 12.6 kí ẹ́ńjìnnì tó dún, tó bá ti ń ṣiṣẹ́ á gòkè sí bíi 14, tí ò bá gòkè, ẹ lọ wo alternator tó ń cháàjì bátìrì. Etí àti ọwọ́ niṣẹ́ yìí.

Àdùkẹ́_Télọ̀:
Òótọ́ ni bọ̀dá rewáyà sọ, ṣùgbọ́n àdéhùn ńkọ́? Ọdún mélòó, èló lowó ìkọ́ṣẹ́, ta ló ń bọ́ ọ, èló ni fríìdọ́ọ̀mù? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí o! Ọ̀gá tí mo kọ́kọ́ wà lọ́dọ̀ ẹ̀, ọmọ ẹ̀ ni mò ń pọ̀n kiri, kí n tó fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì àwọn ẹgbẹ́ mi níbòmíì ti ń gé búbà.

Tíṣà_Òjóo:
Ta ló ní ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ mú? Kó máa kọ́ṣẹ́, kó tún JAMB ṣe. Trade test ìjọba àpapọ̀ wà ńlẹ̀ fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, NABTEB tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ náà sì ti wà láti 1992.

ỌmọÒkèÀdó:
Ẹ ṣé o. Mo ka gbogbo ẹ̀ sétí ìyá ẹ̀, ó ní tí ìwé àdéhùn bá ti wà, òun á tẹ̀lé wa lọ rí ọ̀gá náà ní Sátidé. Àǹtí Àdùkẹ́, ṣé owó fríìdọ́ọ̀mù ṣeé dúnàá dúrà?

Àdùkẹ́_Télọ̀:
Ó ṣeé ná dáadáa! Ẹ jẹ́ kó yọ owó kúlà mínírà kúrò ńbẹ̀.