Ọpọlọ adádúró tàbí ọpọlọ àgbàtọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé fún àwọn tó ń gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan sínú òmíràn dábàá ọ̀rọ̀ méjì: "kọ̀ǹpútà adádúró" fún èyí tí wọ́n ń rà lọ́tọ̀ láti darí ẹ́ńjìnnì, àti "àtúnṣe ìjánu wáyà" fún lílo wáyà tó bá ẹ́ńjìnnì wá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ méjèèjì.

Ti ìjánu kò gún régé. Ìjánu ẹṣin la mọ̀, a sì ti fi pe bíréèkì ọkọ̀. Bí mẹkáníìkì bá kà á pé "tú ìjánu", bíréèkì ni yóò lọ tú. "Ìdì wáyà" ti tó fún àwọn wáyà tí wọ́n dì pọ̀ náà.

Ní ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, mo jókòó ti rìwáyà kan lóṣù tó kọjá. (L'Ékòó, ẹni tó ń ṣe iná ọkọ̀ là ń pè ní rìwáyà, a ò tún lè fi orúkọ yẹn pe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.) Ẹ́ńjìnnì 1UZ-FE, èyí tí Toyota fi sínú Lexus LS 400 lọ́dún 1989, ló fẹ́ gbé sínú Hilux. Ó tẹ́ ìdì wáyà sórí ẹní, ó ń tú téèpù dúdú ara rẹ̀, gọ́ọ̀mù ń lẹ̀ mọ́ ọn níka. Ó mú wáyà dúdú kan tó nílà pupa, ó wo ìwé: "B-R". Lẹ́tà kìíní ni àwọ̀ ara wáyà, èkejì ni ìlà. Èyí tí ọkọ̀ tuntun kò nílò, ó yọ ọ́. Èyí tó kúrú, ó so òmíràn mọ́ ọn. Ó wá tún gbogbo rẹ̀ dì. Bí onídìrí ṣe ń ṣe náà nìyẹn: a tú u, a yà á, a tún un dì. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "àtúndì wáyà".

"Adádúró" ló dùn mí jù, torí irọ́ ni. Kí ló dá dúró níbẹ̀? Láìsí sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí àti bí omi ṣe gbóná tó, kò lè ṣe nǹkan kan. Àwọn mẹkáníìkì ti ń pe kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ní bréènbọ́ọ̀sì, nítorí náà ọpọlọ wà nílẹ̀. Ìyàtọ̀ wà nínú ìmọ̀. Èyí tó bá ẹ́ńjìnnì wá ti mọ iye epo tí yóò fún un àti ìgbà tí púlọ́ọ̀gì yóò ṣáná, láti ilé-iṣẹ́. MegaSquirt tàbí Haltech, irú àwọn tí wọ́n ń rà lọ́tọ̀, kò mọ ẹ́ńjìnnì yẹn rí. Àní bí àgbá eléyín tó ń yí nídìí ẹ́ńjìnnì, èyí tí sẹ́ńsọ̀ ń wò láti mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, bá jẹ́ eléyín 60 tí wọ́n yọ 2 nínú rẹ̀, ẹni tó rà á ló gbọ́dọ̀ sọ fún un. Ó di dandan ká tọ́ ọ. Ọmọ tí a gbà tọ́ ńkọ́? Àgbàtọ́ là ń pè é. Mo dábàá "ọpọlọ àgbàtọ́", "ọpọlọ àbímọ́" fún ti ilé-iṣẹ́, àti "títọ́" fún iṣẹ́ tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká ṣe lórí rẹ̀.

Ẹnìkan ti ní àgbàtọ́ yóò dà bí ọmọ tí kò tó ọmọ. Rárá o. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, ọpọlọ àbímọ́ kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ tí kò bá rí kọ́kọ́rọ́ tó mọ̀; àgbàtọ́ kì í béèrè. Ṣùgbọ́n àgbàtọ́ tí wọn kò tọ́ dáadáa, tí epo tó ń fún ẹ́ńjìnnì kò tó, lè jó písítìnì.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo gbólóhùn yìí: "Bí ìdì wáyà bá pé, àtúndì ló dáa jù; àmọ́ bí àwọn tó tú ọkọ̀ bá ti gé e ní kùkùté, ra ọpọlọ àgbàtọ́." Mo kà á fún rìwáyà náà. Kò béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kankan. Ó ní, "Ta ni yóò wá bá mi tọ́ ọ?"