Ìhanrun bàbá yìí àti itan tó ń rù: ṣé wọ́n tan mọ́ra ni?

Òṣìṣẹ́ ìlera, Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tó mọṣẹ́. Bàbá kan ni mo fẹ́ béèrè nípa wọn, ẹni ọdún 58, àgbẹ̀, wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyàwó wọn ní tí wọ́n bá ń hanrun, yàrá kejì ń gbọ́. Á kàn dákẹ́ lójijì, èèyàn á ka ení dé ogún kí wọ́n tó ta gìrì mí, bí ẹni tí wọ́n yọ lódò. Lọ́sàn-án, ẹnu ọ̀rọ̀ ni oorun ti ń gbé wọn lọ. Èyí tó ń kọ mí lóminú ni pé itan wọn ń rù, ikùn wọn ò sì rù. Kí wọ́n tó dìde lórí àpótí, wọ́n á fọwọ́ ti orúnkún. Àwọn ará ilé ní ọjọ́ ogbó ni. Ṣé ìhanrun lè jẹ iṣan èèyàn ni? Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Dókítà, Adó:
Ó lè jẹ ẹ́. Ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn jọ sleep apnea, àìsàn tí ọ̀fun fi ń pa dé lójú oorun, tí èémí á dá fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣan tó wé mọ́ egungun là ń sọ o, kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀.

Nígbàkígbà tí ọ̀fun bá dí, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀. Tó bá ṣí, á tún gòkè. Lára ẹni tó ti le, ìyẹn ń ṣẹlẹ̀ nígbà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan. Àlọ àti àbọ̀ yẹn lè mú kí ara máa bá ara rẹ̀ jà, kó máa tú amúaradàgbà inú iṣan palẹ̀ ju bó ṣe ń mọ ọ́n lọ. Inú oorun tó wọra ni họ́mónù ìdàgbà ti ń jáde jù. Ẹni tí èémí ń ta jí ní gbogbo ìgbà kì í pẹ́ níbẹ̀. Testosterone, họ́mónù ọkùnrin, náà lè lọ sílẹ̀. Iṣan sì lè má gbọ́ràn mọ́ sí insulin, họ́mónù tó ń mú ṣúgà wọ iṣan, bẹ́ẹ̀ iṣan ni ṣúgà máa ń wọ̀ jù lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ wá fi àárẹ̀ kún un: ẹni tó ń tòògbé lọ́sàn-án ò ní ṣiṣẹ́ tó, iṣan tí a ò sì lò, rírù ló ń rù.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni pé iṣan ni ahọ́n náà. Èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀, genioglossus, ló ń fà á síwájú kó má baà dí ọ̀fun. Tí oorun bá dé, ó máa ń dẹ̀. Lára ẹni tó sanra, ọ̀rá tún máa ń wọ inú ahọ́n, ó sì ń wúwo.

Àmọ́ ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru ìhanrun. Thyroid (ohun tó ń tú họ́mónù jáde ní ọrùn) tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ lè fa ìhanrun, kó sì fa àìlágbára itan. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀ lè fa pọtásíọ́mù wálẹ̀, iṣan á rọ. Ẹ yẹ oògùn wọn wò, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún TSH (àyẹ̀wò thyroid), pọtásíọ́mù, ṣúgà àti creatinine (àyẹ̀wò kíndìnrín). Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ló ń rù, tàbí tó ń kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ ń bọ́ lára wọn, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Kí wọ́n lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, Ìdó:
Ẹ lo STOP-BANG tí wọ́n fi ń wo ewu sleep apnea, kò ju ìbéèrè mẹ́jọ lọ: ìhanrun, oorun ọ̀sán, ẹni tó rí i tí èémí dá, ẹ̀jẹ̀ ríru, BMI (òṣùwọ̀n ìwúwo sí gíga) tó ju 35, ọjọ́ orí tó ju 50, ọrùn tó ju sẹ̀ǹtímítà 40, kó jẹ́ ọkùnrin. Bàbá yìí ti gba 6 kẹ́ ẹ tó fi tápù kan ọrùn wọn. Láti 5 lọ sókè, ewu pọ̀.

Àyẹ̀wò ojú oorun ló kù. Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́, ìbáà ṣe ti Ìdó níbí tàbí ti Adó, sí dókítà imú, etí àti ọ̀fun tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ kọ́kọ́ pè kẹ́ ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ àyẹ̀wò wà nílẹ̀, kí bàbá má fowó mọ́tò ṣòfò. Tí èémí bá dá nígbà 5 sí 14 ní wákàtí kan, ó fúyẹ́. 15 sí 29, àárín. 30 lọ sókè, ó le. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn nìkan ò tó láti sọ pé kò sí nǹkan. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú: kí wọ́n má wa ọ̀kadà ọ̀nà jíjìn, nítorí oorun, títí a ó fi rí ojútùú.

Físíò:
Òṣùwọ̀n ìwúwo ń tan yín jẹ. Ikùn tó yọ ló ń bo itan tó rù mọ́lẹ̀. Ẹ lo àga: kí wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí wọ́n dìde kí wọ́n jókòó lẹ́ẹ̀márùn-ún. Tó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, iṣan ti rẹlẹ̀. Kí wọ́n rin mítà 4; tó bá gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 5, ìrìn wọn ti ń fà. Ẹni tó bá ní ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára ọwọ́, kílò 27 ni ààlà ọkùnrin, 16 ni ti obìnrin.

Ṣíṣe rẹ̀: ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ fi ọjọ́ kan sáàárín. Dídìde lórí àga nígbà 8, ẹ sinmi ìṣẹ́jú méjì, ẹ ṣe é ní ìpele mẹ́ta. Títi ògiri nígbà 8 sí 10. Dídúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ nígbà 10. Kẹ́gì lítà 5 tó kún fómi ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kílò 5 sí 5, rírìn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn ilé. Tí 12 bá ti rọrùn, ẹ fi ẹrù kún un. Kí wọ́n má di èémí mú nígbà tí wọ́n bá ń dìde. Tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ju 180/110 lọ, kí wọ́n dúró ná.

Bàbá á ní “ṣé oko tí mò ń ro kò tó ni?” Kò tó. Ẹ̀yìn ni oko ń mú tẹ̀, ẹrù tí itan ń gbé kì í pọ̀ sí i níbẹ̀. Ẹ má sì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré gun òkè ní ìdájí.

Fún ọ̀fun: kí orí ahọ́n kan ẹ̀yìn eyín òkè, kí wọ́n fà á sẹ́yìn ní àjà ẹnu nígbà 20, kí wọ́n fa gbogbo ahọ́n lẹ̀ mọ́ àjà nígbà 20. Ojoojúmọ́, fún oṣù mẹ́ta. Nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n kó jọ, ó dín iye ìgbà tí èémí ń dá kù tó ìdajì. Kò rọ́pò CPAP, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ìbòmú kí ọ̀fun má dí lójú oorun, fún ẹni tó ti le.

Onímọ̀ oúnjẹ:
Ẹni kílò 80 tó ti ń dàgbà nílò amúaradàgbà gíráàmù 80 sí 96 lóòjọ́. Ẹ pín in sí mẹ́ta, kó má jẹ́ alẹ́ nìkan. Ẹyin kan ní gíráàmù 6, ife ẹ̀wà sísè ní bíi 15, ẹja sísè gíráàmù 100 ní bíi 20. Iyán? Èyí tó wà nínú rẹ̀ ò tó nǹkan. Mi ò ní kí wọ́n má jẹyán, kí wọ́n má lé mi kúrò ní Èkìtì. Kí òkèlè kéré, kí ẹja pọ̀ ni. Tí creatinine bá fi hàn pé kíndìnrín ò dára, kí dókítà ṣírò rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìsanra gbọ́dọ̀ dín. Ìwádìí fi hàn pé ẹni tó dín ìwúwo rẹ̀ kù ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ń rí iye ìdádúró èémí tó dín ní nǹkan bí ìdá 26. Àmọ́ ẹni tó ń febi pa ara rẹ̀ láìgbé ẹrù, iṣan ló ń bá ọ̀rá lọ. Ẹmu àti ògógóró alẹ́, kí wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n ń dẹ iṣan ọ̀fun.

Òṣìṣẹ́ ìlera, Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an. Ọmọ wọn ti rí CPAP àlòkù kan rà. Ṣé kí wọ́n máa lò ó? Iná wa náà kọ́…

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ ìṣègùn:
Kò tíì yá. Agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà láàárín 4 sí 20 lórí òṣùwọ̀n sẹ̀ǹtímítà omi, èsì àyẹ̀wò ló ń sọ ibi tí wọ́n á fi í sí. Ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀: lọ́dún 2021, wọ́n kó àwọn kan padà nítorí fóòmù inú wọn ń jẹrà. Ìbòmú, rọ́bà àti fílítà, tuntun ni kó jẹ́. Wọn ò gbọ́dọ̀ fún okùn ìbòmú le koko. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń jò á tún pọ̀ sí i ni.

Ní ti iná: tẹ́ ẹ bá pa ohun tó ń mú omi gbóná nínú ẹ̀rọ náà, ẹ ṣírò wáàtì 30. Wákàtí 8 jẹ́ wáàtì-wákàtí 240. Bátìrì fóòtì (volt) 12, Ah (ámpíà-wákàtí) 100, tẹ́ ẹ bá lo ìdajì rẹ̀, wáàtì-wákàtí 600 ni, ó gbé òru méjì. Ẹ wo fóòtì ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó so ó: òmíràn ń jẹ 12, òmíràn 24. Nígbà ọyẹ́ imú á gbẹ. Omi iyọ̀ inú imú kí wọ́n tó sùn á ràn wọ́n lọ́wọ́.

Dókítà, Adó:
Kí n fi kún un: lílo CPAP fún wákàtí 4 lóru ni ààlà ìsàlẹ̀, gbogbo oorun ló dára jù. Kí wọ́n má retí pé CPAP nìkan á dá iṣan padà. Èémí àti oorun ló ń dá padà. Ó tiẹ̀ lè fi kílò díẹ̀ kún ara àwọn kan. Kẹ́gì físíò ni kí wọ́n máa gbé lọ.

Òṣìṣẹ́ ìlera, Ìkẹ́rẹ́:
Mo wọn wọ́n láàárọ̀ yìí. Ọrùn, 43. Àga lẹ́ẹ̀márùn-ún, ìṣẹ́jú àáyá 19. Lẹ́tà Ìdó ti wà lọ́wọ́ wọn.

Físíò:
Ẹ kọ 19 yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ sì wọn gíga àga náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, àga kan náà ni kẹ́ ẹ fi tún un ṣe.