Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ra líǹkì tí wọ́n ń tà fún mi yìí?

AláróÌtòkú: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní wẹ́bùsáìtì kékeré tí mo fi ń ta àdìrẹ, Abẹ́òkúta la wà, ẹnì kan wá fi mẹ́séèjì ránṣẹ́ pé òun á bá mi gbé ẹgbẹ̀rún líǹkì sórí sáìtì lóríṣiríṣi kí Google lè fọkàn tán mi, pé tí n bá ti sanwó báyìí iwájú pátápátá ni mo máa wà. Mo wo àwọn sáìtì tó fi hàn mí, tẹ́tẹ́ ni òmíì, òmíì oògùn, òmíì èdè Rọ́ṣíà ni gbogbo ẹ̀. Kí ló kan àdìrẹ kan ìyẹn? Báwo gan-an ni wọ́n ṣe ń fi líǹkì mọ sáìtì tó ṣeé gbára lé?

ỌmọMọ́kọ́lá: Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀ o! Larry Page àti Sergey Brin, nígbà tí wọ́n ṣì ń kàwé ní Stanford, àwọn ló rò ó pé tí sáìtì kan bá fi líǹkì sí òmíì, ńṣe ló ń jẹ́rìí fún un, wọ́n pè é ní PageRank, 1998 ni wọ́n dá Google sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ò dọ́gba. Wọ́n á wò ó pé ta ló ń jẹ́rìí, ta ló jẹ́rìí fún òun alára, àti pé èèyàn mélòó ló tún ń jẹ́rìí fún, torí ojú ewé tó bá ní líǹkì mẹ́wàá, ọ̀nà mẹ́wàá ni agbára ẹ̀ máa pín sí, èyí tó wá ní ẹgbẹ̀rún ńkọ́, kí ló fẹ́ kù fún yín níbẹ̀?

ÌyáBísí: Òótọ́ lo sọ. 2011 ni ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí líǹkì tí wọ́n fowó rà fún JCPenney, ilé ìtajà ńlá ní Amẹ́ríkà, àpótí ìrìnàjò Samsonite tí wọ́n ń tà, ipò kìíní ló wà lórí Google, Google já a sí ipò 71! JCPenney ní àwọn ò mọ̀ nípa ẹ̀, wọ́n lé àwọn tó ń bá wọn ṣe é. 2012 ni Penguin, ètò kan tí Google ṣe, wá dé, òun ló ń fúnra ẹ̀ dá líǹkì èrú mọ̀. Láti 2016, ó sábà máa ń fojú fò wọ́n ni, ìyẹn ni pé owó ẹ á kàn wọgbó.

AláróÌtòkú: Háà! Ẹ ṣé gan-an ni mà. Èyí tí mo ń fi sábẹ́ kọ́mẹ́ǹtì blọ́ọ̀gù èèyàn ńkọ́?

ỌmọMọ́kọ́lá: Ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò, torí ọ̀pọ̀ blọ́ọ̀gù ló ń fi nofollow sí i, ìyẹn àmì tó ń sọ fún Google pé kó má ka líǹkì náà sí ẹ̀rí, láti 2005 ni wọ́n ti gbé e jáde nítorí àwọn tó ń da líǹkì síbẹ̀. Ohun tí mo máa ṣe tí mo bá jẹ́ yín nìyí: ẹ ya fọ́tò bí ẹ ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ kun ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, títí tó fi wọnú ìkòkò aró tó fi jáde, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, olùkọ́ àti àwọn tó ń ṣèwádìí aṣọ ń wá irú ẹ̀ lójú méjèèjì, tí wọ́n bá lò ó, wọ́n á fi líǹkì sí yín láìgba owó.

ÌyáBísí: Kó o tún wọ Search Console, irinṣẹ́ Google fún àwọn tó ní sáìtì, ọ̀fẹ́ ni, tẹ ibi tí wọ́n kọ Links sí, wàá rí àwọn tó ti ń tọ́ka sí ẹ tẹ́lẹ̀.