Ta ló ń kó àkọsílẹ̀ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn jọ bí rẹ́jísírà bá dákẹ́?

Ọmọ Ọjà'ba: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹjọ́ ilẹ̀ ni, ilé ẹjọ́ gíga n'Íbàdàn ló dá a. Ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti wọlé kí oṣù 3 tó pé lórí ìdájọ́. Ó di ọjọ́ 52 lónìí, rẹ́jísírà ò tíì kó nǹkan kan jọ. Ṣé ká ṣì máa retí rẹ̀? Ìwé wo ló sì yẹ kó wà níbẹ̀?

Alápò Ìwé: Ọjọ́ tí ìwé yín wọlé ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ 60 rẹ́jísírà, kì í ṣe ọjọ́ ìdájọ́. Bó bá pé tí kò ṣe é, ó di tiyín nìyẹn: ọjọ́ 30 lẹ ní láti kó o jọ, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fúnra yín. Ó wà nínú Order 8, ìlànà ilé ẹjọ́ náà ti 2021. Ẹ ti kọ lẹ́tà láti gba CTC (ẹ̀dà ìwé tí kóòtù jẹ́rìí sí) báyìí, torí títẹ ohun tí adájọ́ fọwọ́ kọ ló ń pẹ́ jù.

Atọ́ka ló máa ṣíwájú, àlàyé ṣókí nípa ẹjọ́ àti owó tẹ́ ẹ san á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ìwé ìpẹ̀jọ́ àti ti ìjẹ́jọ́, ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí, ẹ̀síbíìtì (ohun tí kóòtù gbà bí ẹ̀rí), ìdájọ́, àti ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹ má da gbogbo fáìlì síbẹ̀ o.

Ìyá Kóòtù: Ẹ wo ìsàlẹ̀ CTC kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú akọ̀wé. Section 104 Òfin Ẹ̀rí 2011 fẹ́ gbólóhùn pé ẹ̀dà tòótọ́ ni, ọjọ́, orúkọ òṣìṣẹ́, ipò rẹ̀ àti ìfọwọ́sí. Òǹtẹ̀ láìsí orúkọ ò tó. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Pláánù sọ̀fíyọ̀ ló ń ba ẹjọ́ ilẹ̀ jẹ́. Wọ́n á sún un kì mọ́ A4, nọ́ńbà òpó ààlà á parẹ́. Ìlà pupa tó yí ilẹ̀ ká á di dúdú bíi tàwọn yòókù. Àwọn adájọ́ mẹ́ta tó máa wò ó ò ní dé orí ilẹ̀ yẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní aláwọ̀, bó ṣe tóbi gan-an, kẹ́ ẹ wá ṣẹ́ ẹ po.

Ọmọ Ọjà'ba: Ẹ ṣé gan-an. Bí ohun tí adájọ́ kọ ò bá bá ohun tí ẹlẹ́rìí sọ mu ńkọ́?

Alápò Ìwé: Ẹ má fi bírò kàn án! Ìwé ìbúra lẹ máa ṣe, tó tọ́ka sí ojú ìwé àti ìlà tó ṣì, kẹ́ ẹ fún adájọ́ náà tàbí rẹ́jísírà rẹ̀ ní ẹ̀dà. Láìsí i, ohun tó wà lákọsílẹ̀ ni wọ́n máa gbà. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣẹjọ́ náà ní ọjọ́ 15 láti fi ìwé tiẹ̀ kún àkọsílẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti fún un ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà.